Kí Lo Rí? Bí A Ṣe Ń Bá Ẹlẹgbẹ́ Ẹni Wo Ìsọníṣókí Iṣẹ́ Físíìsì

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ sọ lálẹ́ òní lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa rédíò yín. Kò sí ìlú kan ní àgbègbè wa yìí, láti Tchetti, Bantè àti Savalou dé Ìdààṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí kò ní ọmọ ní yunifásítì. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ṣe ìwádìí nínú ìmọ̀ físíìsì, ọjọ́ kan á dé tí wọn yóò ní kó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àwọn á fún un láyè láti wá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ ní àpérò àwọn onímọ̀. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn là ń pè ní ìsọníṣókí. Ẹ̀yin tó ka ìwé Faransé mọ̀ ọ́n sí rẹ́súmé. Nígbà tó bá kọ ọ́ tán, á gbé e lọ bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, á ní, "Ẹ bá mi wò ó." Kí ló yẹ kí ẹlẹgbẹ́ náà ṣe? Kí ló yẹ kó sọ? Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lálẹ́ òní nìyẹn.

Ìdáhùn mi kò gùn. Kí ẹlẹgbẹ́ náà tó fọwọ́ kan gírámà, kó tó fọwọ́ kan kọ́mà, kó bi òǹkọ̀wé ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí lo rí?" Nígbà tí ìdáhùn bá jáde, kó bi í ní èkejì: "Báwo lo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan mìíràn lo rí?" Mo ní ìbéèrè méjèèjì yìí ṣàǹfààní fún òǹkọ̀wé ju ọgọ́rùn-ún àtúnṣe tí a fi bírò pupa kọ lọ. Mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á ní ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń bi ẹni tó jù wá lọ. Àwọn mìíràn á ní àwọn kò mọ iṣẹ́ ẹnì kejì débi tí àwọn yóò fi bi í. A ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ka ìwé yìí níbi tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí.

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ físíìsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń ṣe àpérò ńlá kan lóṣù kẹta ọdún. Ààyè tí wọ́n ń fún ẹnìkọ̀ọ̀kan fún ìsọníṣókí rẹ̀ kò ju lẹ́tà àti àmì 1,300 lọ. Bí mo bá ní kí n ka ìyẹn jáde fún yín báyìí, kò ní gbà mí ní ìṣẹ́jú méjì. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé àti òfúrufú ní Yúróòpù náà ní tiwọn, tí wọ́n máa ń ṣe ní Vienna, ní ilẹ̀ Ọ́sítríà, lóṣù kẹrin tàbí oṣù karùn-ún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìsọníṣókí ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́dọọdún. Ta ló ń kà wọ́n? Ènìyàn bíi tèmi tìrẹ ni, tí ó ti rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ mìíràn ṣì wà níwájú rẹ̀ láti kà. Kò rí ojú ẹni tó kọ̀wé, kò gbọ́ ohùn rẹ̀, kò mọ òru tí kò fi sùn. Ohun tó wà lórí ìwé nìkan ló ní lọ́wọ́. Ní Dangbo, lẹ́bàá Àjàṣẹ́, a ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún ìṣirò àti físíìsì tí wọ́n ń pè ní IMSP, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Jean-Pierre Ezin sì ṣíwájú nínú ìdásílẹ̀ rẹ̀. Bí ọmọ Dangbo àti ọmọ Oxford bá jọ kọ̀wé sí àpérò kan náà, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ lè ti ọmọ Oxford lẹ́yìn, kódà bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá tó nǹkan. Gbólóhùn ọmọ Dangbo nìkan ni yóò ti òun lẹ́yìn. Nítorí náà, àwa tí ayé kò tíì mọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wa gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níhìn-ín. Ẹ̀yin tó máa ń jí lọ sóko lóṣù kẹfà àti oṣù keje mọ bí ojú ọ̀run ṣe ń rí nígbà náà. Ilẹ̀ á mọ́, ṣùgbọ́n oòrùn kò ní yọ. Ìkùukùu á ti bo ojú sánmà láti òru, á wà nísàlẹ̀ gan-an, á dúró bẹ́ẹ̀ títí di ìyálẹ̀ta, nígbà mìíràn títí di ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ òjò kò sì rọ̀. Níbo ni ìkùukùu yìí ti ń wá lóru? Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ físíìsì òfúrufú tẹ̀ dó sí Ṣábẹ̀ẹ́ láti wá ìdí rẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ náà ni DACCIWA. Àwọn onímọ̀ láti Jámánì, láti Faransé, láti Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ọmọ Gánà àti ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ibùdó mẹ́ta ni wọ́n ní lórí ilẹ̀: ọ̀kan ní Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀kan ní Kumasi, ọ̀kan ní Ilé-Ifẹ̀. Lomé ni àwọn ọkọ̀ òfúrufú wọn ti ń gbéra. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń wọn atẹ́gùn, wọ́n ń wọn ooru, wọ́n ń wọn ọ̀rinrin, wọ́n sì ń tú bàlúùnù tó so ẹ̀rọ mọ́dìí sílẹ̀ kó máa gòkè lọ.

Kí ni wọ́n wá rí? Wọ́n rí i pé nírọ̀lẹ́, atẹ́gùn tútù máa ń ti ọ̀nà òkun wọlé, á máa tẹ̀ síwájú sí ìhà àríwá lóru, á sì mú kí afẹ́fẹ́ tó wà lókè orí wa tutù. Afẹ́fẹ́ tó tutù kò lè gba ọ̀rinrin mọ́ra tó èyí tó gbóná. Nígbà tó bá tutù dé ìwọ̀n kan, ọ̀rinrin tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á di ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́. Ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́ yẹn ni ìkùukùu. Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà: ìtutù ló ṣe iṣẹ́ náà jù, kì í ṣe pé ọ̀rinrin tuntun púpọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Atẹ́gùn tútù tó ń ti ọ̀nà òkun bọ̀ yẹn nìkan ló sì ń fa bí ìdajì ìtutù náà. Ẹni tó bá gbọ́ gbólóhùn méjì yìí ti mọ nǹkan kan tí kò mọ̀ lánàá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ronú pé ọ̀dọ́ kan fẹ́ kọ ìsọníṣókí lórí irú iṣẹ́ yìí. Mo fi èyí ṣe àpẹẹrẹ ni, kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Ó kọ ọ́ pé ìkùukùu ṣe pàtàkì ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ó ní ó kan iṣẹ́ àgbẹ̀, ó kan iná sólà, ojú ọjọ́ sì ń yí padà káàkiri ayé. Ó ní àwọn lo ẹ̀rọ ìgbàlódé láti wádìí rẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ó wá ní àwọn yóò sọ àbájáde ìwádìí náà ní àpérò. Ṣé irọ́ wà nínú rẹ̀? Kò sí. Ṣé àṣìṣe gírámà wà níbẹ̀? Ó lè má sí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n kí lẹ ti mọ̀ báyìí nípa ìkùukùu Ṣábẹ̀ẹ́? Ẹ kò mọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, ẹni tí kò dé Ṣábẹ̀ẹ́ rí lè kọ ọ́ láti inú ilé rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ tó bá wá gba ìwé yìí, tó fi kọ́mà kan síbí, tó yí ọ̀rọ̀ kan padà lọ́hùn-ún, tó ní, "Ó dára gan-an, fi ránṣẹ́," ẹlẹgbẹ́ náà ti lo àkókò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ran òǹkọ̀wé lọ́wọ́.

Ẹ wá wo ohun tí ìbéèrè ń ṣe. Ẹlẹgbẹ́ náà gbé ìwé sílẹ̀, ó ní, "Àbúrò, kí lo rí?" Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bí ọ̀dọ́ náà ṣe máa dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n, ìtutù mà ni o! A rò pé ọ̀rinrin ló ń pọ̀ sí i lóru tí ìkùukùu fi ń yọ. Àṣé kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Atẹ́gùn ọ̀nà òkun ló ń mú afẹ́fẹ́ tutù." Ǹjẹ́ ẹ gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe yí padà? Ohun tó fi ẹnu sọ yẹn gan-an ni kò sí nínú ohun tó fi ọwọ́ kọ. Iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ níbẹ̀ kò le: kó sọ pé, "Kọ ohun tí o sọ fún mi tán yìí sílẹ̀, bí o ṣe sọ ọ́." Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ìbéèrè dára ju àtúnṣe lọ. Inú ohun tó wà lórí ìwé ni àtúnṣe ti ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè ń fa ohun tí kò sí lórí ìwé jáde láti inú ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Kí ló wá dé tí ọlọ́gbọ́n ènìyàn fi ń fi ohun tó rí pamọ́ nínú ìwé ara rẹ̀? Mo rò pé bí a ṣe kọ́ wa ní ilé-ìwé wà lára ohun tó fà á. Wọ́n kọ́ wa pé ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ká kọ́kọ́ sọ bí ayé ṣe rí, ká tó sọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí, ká tó wá dé orí ọ̀rọ̀. Nínú ìwé olójú-ewé ọgọ́rùn-ún, ààyè wà fún ìyẹn. Nínú lẹ́tà 1,300, ààyè á ti tán kí a tó dé ilé. Àṣà wa náà wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Òótọ́ ni, láàárín àwa tí a jọ ń gbé, tí a jọ mọ ìtàn ara wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ìwé wa ní Vienna kò bá wa gbé. Kò mọ ohun tí a fi sílẹ̀ láìsọ. Àbọ̀ tí a bá sọ fún un, àbọ̀ náà ni yóò wà. Odidi ọ̀rọ̀ ni kí a sọ fún àjèjì, ẹlẹgbẹ́ wa tó kọ́kọ́ ka ìwé náà ló sì lè sọ fún wa ibi tí a ti sọ àbọ̀.

Ìbéèrè kejì ńkọ́? "Báwo lo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan mìíràn?" Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ibi tó jìnnà díẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2014, àwọn onímọ̀ kan tí orúkọ iṣẹ́ wọn ń jẹ́ BICEP2 kéde ohun ńlá kan. Ìpẹ̀kun gúúsù ayé, níbi tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, ni ẹ̀rọ awòràwọ̀ wọn wà. Wọ́n ní àwọn rí àmì kan nínú ìmọ́lẹ̀ tó pẹ́ jù lọ ní àgbáyé, pé ìgbì òòfà, tí wọ́n ń pè ní gravitational waves lédè Gẹ̀ẹ́sì, ló fi àmì náà sílẹ̀ nígbà tí àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn náà gba ayé kan. Ṣùgbọ́n láìpẹ́, àwọn onímọ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: ṣé kì í ṣe eruku ni? Nítorí eruku wà láàárín àwọn ìràwọ̀ lókè lọ́hùn-ún, bí eruku ọyẹ́ ṣe máa ń wà láàárín ojú wa àti àwọn òkè Savalou lóṣù kìíní ọdún, eruku ọ̀hún sì lè yọ irú àmì yẹn jáde. Àwọn ará BICEP2 kò gbàgbé eruku o. Wọ́n ti ṣe ìṣirò lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbé ìṣirò náà lé ni kò lágbára tó. Nígbà tí wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn Physical Review Letters lóṣù kẹfà ọdún yẹn, wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ kan kún ìsọníṣókí rẹ̀, pé ohun tí ayé mọ̀ nípa eruku náà kò tíì tó láti fi sọ pé kì í ṣe òun ló fa gbogbo àmì tí wọ́n rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, àwọn àti àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ sátẹ́láìtì Planck jọ yẹ gbogbo rẹ̀ wò pa pọ̀. Wọ́n rí i pé eruku ló wà nídìí apá tó pọ̀ nínú àmì náà, àti pé kò sí ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin fún ìgbì òòfà níbẹ̀.

Kí nìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí? Kì í ṣe láti fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Àmì tí wọ́n rí, wọ́n rí i lóòótọ́, ìwọ̀n wọn sì péye. Orúkọ tí wọ́n fún un ló ju ẹ̀rí ọwọ́ wọn lọ. Ohun tí a rí yàtọ̀ sí ohun tí a rò pé ó fa ohun tí a rí. Ọkàn ẹni tó ṣe iṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ máa ń so méjèèjì pọ̀ láìmọ̀, nítorí pé ó ti ń retí ohun kan láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹlẹgbẹ́ tí kò retí ohunkóhun ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé inú ìsọníṣókí gan-an ni wọ́n fi àtúnṣe náà sí, wọn kò fi í pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé kan nínú ìwé. Wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn máa kà, pé ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ máa kà mọ. Bí ìbéèrè yìí bá dé láti ẹnu ẹlẹgbẹ́ nínú yàrá, a ó rò ó, a ó sì tún gbólóhùn wa ṣe. Bó bá dé láti ẹnu gbogbo ayé lẹ́yìn ìkéde, owó rẹ̀ á wọ́n.

Àpẹẹrẹ rere náà wà. Ní oṣù kejì ọdún 2016, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ LIGO, ìyẹn iṣẹ́ wíwá ìgbì òòfà, kéde pé àwọn ti rí ìgbì òòfà ní tòótọ́. Àwọn tó fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi kéde rẹ̀ lé ní 1,000. Kí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìsọníṣókí wọn? Ọjọ́ àti wákàtí: ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ẹ̀rọ méjì rí àmì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí tán ni wọ́n tó fi kún un pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ̀yin àgbẹ̀ onísu tó ń gbọ́ wa mọ òwe yìí dáadáa: ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún èbù, tó ní òun gbin igba, tó bá jẹ ọgọ́rùn-ún èbù tó gbìn tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́ tó pa. Ẹlẹgbẹ́ rere ló ń bá wa ka èbù kí a tó pe iye rẹ̀ fún ará ìta.

Ẹnì kan lè sọ pé: "Ẹ ní ká sọ ohun tí a rí. Oṣù mélòó kan ṣáájú àpérò ni wọ́n ń gba ìsọníṣókí. Iṣẹ́ kò tíì parí nígbà náà. Ṣé kò wá dára ká kọ ọ́ pé a ó sọ àbájáde nígbà tí a bá dé?" Ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Iṣẹ́ kì í sábà parí nígbà tí wọ́n bá ń gba ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń wọn nǹkan láti oṣù mẹ́fà kò ṣófo lọ́wọ́. Ó ti rí nǹkan, bó tilẹ̀ kéré. Kó sọ èyí tó ti rí, kó sì sọ èyí tó ṣì ń wá, kó má ṣe da méjèèjì pọ̀. "Nínú òru tí a ti yẹ̀ wò, ìtutù ló ṣáájú ìkùukùu, a ṣì ń wádìí bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí ní gbogbo òru." Gbólóhùn báyìí kò parọ́, kò ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́, ẹni tó kà á sì mọ ibi tí iṣẹ́ dé. Ká kúkú sọ òótọ́ kékeré tó dúró.

Àtakò tó le jù ni ti ọ̀wọ̀. Ọmọ Yorùbá kì í ṣàì bọ̀wọ̀ fún àgbà, bóyá Ìfẹ̀ là ń sọ ní Tchetti tàbí Ìṣà là ń sọ ní Bantè. Bí ẹ̀gbọ́n wa, tàbí olùkọ́ tó kọ́ wa níṣẹ́, bá gbé ìwé rẹ̀ wá pé ká bá òun wò ó, ǹjẹ́ a lè sọ fún un lójúkojú pé kò sọ ohun tó rí? Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé "Ó dára, ẹ kú iṣẹ́," tí wọ́n á sì dá ìwé padà. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkàn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ọ̀wọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí gbangba pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò délé, kí àjèjì wá bi í níwájú ènìyàn, ìtìjú ló fà fún un. Ọ̀nà wà tí a lè gbà ṣe é. Ìdí kan náà tún nìyí tí mo fi ní kó jẹ́ ìbéèrè. Àtúnṣe ń sọ pé "ẹ ṣe é tì." Ìbéèrè ń sọ pé "ẹ kọ́ mi." "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lóye rẹ̀: kí lẹ rí gan-an ní Ṣábẹ̀ẹ́?" Àgbà wo ni yóò bínú sí ìyẹn? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nínú kọ̀rọ̀ ni kí a ti bi í, kó jẹ́ òun àti àwa nìkan, kì í ṣe níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Kí a sì kọ́kọ́ sọ ibi tó wọ̀ wá lọ́kàn nínú ìwé náà, kó jẹ́ ibi gan-an, pé "gbólóhùn kẹta yìí ló jẹ́ kí n mọ ohun tí ẹ ń wá." Ìyìn tó mú ibì kan dání máa ń kọ́ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́. "Ó dára" lásán kì í kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

"Ṣùgbọ́n mi ò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìmọ̀ nípa iná ni tèmi, ìmọ̀ nípa ìkùukùu ni tirẹ̀." Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi bò: ẹ̀yin gan-an ni ẹ yẹ kí ẹ kà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń yan iṣẹ́ fún àpérò, àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó máa jókòó gbọ́ ọ, ìdí iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ti wá. Bí àpẹẹrẹ, ní ìparí ọdún 1999, nígbà tí àwọn onímọ̀ físíìsì oníṣirò láti ilẹ̀ púpọ̀ péjọ sí Kútọnu fún àpérò àgbáyé kan, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Norbert Hounkonnou wà lára àwọn olótùú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lórí rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù onífísíìsì àti ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà onímọ̀ kẹ́mísìrì ló bá a ṣe olótùú. Bí ẹni tó mọ físíìsì ṣùgbọ́n tí kò mọ ìkùukùu bá ka ìsọníṣókí tán tí kò lè sọ ohun tí wọ́n rí, ìwé ló kù díẹ̀ káàtó, kì í ṣe òun. Kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Mo dé gbólóhùn kejì, mi ò mọ ibi tí a ń lọ mọ́." Òǹkọ̀wé kò lè rí ìyẹn fúnra rẹ̀, nítorí pé òun ti mọ̀ ọ́n jù. Ní ti àwọn tó ń bẹ̀rù pé ẹlẹgbẹ́ lè jí èrò àwọn gbé, kí wọ́n yan ẹni tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. N kò rí ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi yẹ kó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èdè ló kù. Faransé ni ọ̀pọ̀ ọmọ Bẹ̀nẹ̀ fi kọ́ físíìsì, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi ń kọ ìsọníṣókí fún ọ̀pọ̀ àpérò. Ẹrù ńlá ni, mi ò ní fojú kékeré wò ó. Ẹlẹgbẹ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lè ṣèrànwọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jẹ́ iṣẹ́ ìkẹyìn. Kí là ń tún èdè gbólóhùn ṣe fún, bó bá jẹ́ pé gbólóhùn náà kò ní sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí a bá ti béèrè ohun tó rí? Ìkìlọ̀ kan tún wà níbẹ̀. Kí ẹlẹgbẹ́ má ṣe gba kálàmù lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Bí a bá tún gbogbo rẹ̀ kọ ní ohùn tiwa, tó dán, tó lẹ́wà, ẹni tó ni iṣẹ́ ló ṣì máa dúró níwájú àpérò. Wọn yóò bi í pé, "O kọ ọ́ pé báyìí ló rí, ṣàlàyé rẹ̀ fún wa." Kò ní lè dáàbò bo ọ̀rọ̀ tí kò ti inú rẹ̀ jáde. Gẹ̀ẹ́sì kúkurú tó jẹ́ tirẹ̀ sàn fún un ju Gẹ̀ẹ́sì olóyinmọmọ tó jẹ́ tiwa. Ohun méjì tàbí mẹ́ta tó ṣe pàtàkì ni kí a tọ́ka sí, kí a jẹ́ kó lọ tún un ṣe fúnra rẹ̀, kó sì mú un padà wá.

Kó tó lè mú un padà wá, àkókò gbọ́dọ̀ wà. Ìwé tí a gbé fún ẹlẹgbẹ́ ní alẹ́ tí àkókò ìfìwéránṣẹ́ ń parí, kọ́mà nìkan ló lè bá wa tún ṣe níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè dáhùn ìbéèrè "kí lo rí" dáadáa nígbà tó ku wákàtí kan. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Abomey-Calavi, ní Dangbo, ní Ilé-Ifẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé ìwé yín fún ẹnì kan ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹ̀yin náà sì ka ti ẹlòmíràn fún un. Ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì ní Savalou, ní Bantè àti ní Tchetti níbí, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọmọ kíláàsì yín bá wọn nǹkan tán, tó kọ ìròyìn rẹ̀ wá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó mú bírò pupa, ẹ pè é súnmọ́ yín, kí ẹ bi í pé kí ló rí, kí ẹ sì fún un láyè kó dáhùn tán.